Òórùn Tí Ó Lọ: Ìrìn Wa sí Ilé Iṣẹ́ Awọ Àtijọ́ ní Bermondsey

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá, èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì 78 ní Peckham, ní gúúsù ìlú London. Mo ti sọ fún wọn láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú pé mo fẹ́ lọ wo ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń sọ awọ ẹran di awọ bàtà nígbà kan rí, tí iṣẹ́ sì ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní, "Nínú gbogbo ohun tí ó wà ní London, awọ ni o rí lọ wò? Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀jẹ̀ Bàbá wa ni ó ń dà ọ́ láàmú."

Bàbá tí wọ́n ń sọ ni bàbá ìyá mi, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ awọ ní ìlú Ọ̀yọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. N kò bá wọn láyé. Ohun tí mo mọ̀ nípa wọn kò ju tìmùtìmù kan tí ó wà ní yàrá ìyá mi lọ, èyí tí ọnà pupa àti dúdú ara rẹ̀ kò tíì ṣí di òní, àti ìtàn kan tí ìyá mi máa ń sọ. Nígbà tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ wọn kì í fẹ́ jókòó tì wọ́n nítorí òórùn tí ń bẹ lára aṣọ wọn. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti pinnu pé kò sí ọmọ àwọn tí yóò fi iṣẹ́ awọ jẹun. Ìyá mi di olùkọ́, àbúrò wọn di nọ́ọ̀sì, ẹ̀gbọ́n wọn sì bá ọkọ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá kú, irin iṣẹ́ wọn sì dípẹtà.

A sọ̀ kalẹ̀ ní Grange Road, a sì gba òpópónà tí wọ́n ń pè ní Neckinger wọ Abbey Street. Odò ni Neckinger tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti bo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì wà níbi tí ó ti ń já sí odò Thames, ní St Saviour's Dock. Ìtàn tí àwọn ará àdúgbò máa ń sọ ni pé ẹnu odò yẹn ni wọ́n ti ń yẹgi fún àwọn olè orí omi láyé àtijọ́, àti pé okùn ọrùn wọn ni odò náà fi jẹ orúkọ.

Ilé bíríkì gíga kan dúró níwájú wa, àwọn fèrèsé rẹ̀ tò lọ ní ẹsẹẹsẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni afárá ojú irin gbà kọjá. Ẹni tí ó bá wà nínú ọkọ̀ ojú irin tí ń wọ London Bridge lè rí orúkọ tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ sí ara ògiri náà láti ọjọ́ pípẹ́: Bevingtons àti àwọn ọmọ, Neckinger Mills. Ilé tí mo wá wò nìyí. Mo fa èémí sínú, bí ẹni tí ń wá nǹkan. Òórùn kọfí nìkan ni mo gbọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkọsẹ̀bá pé Bermondsey ni iṣẹ́ awọ fìdí kalẹ̀ sí. Ohun mẹ́rin ni oníṣẹ́ awọ kò lè ṣe aláìní: omi, awọ, èèpo igi, àti aládùúgbò tí kò ní agbára láti lé e lọ. Odò kéékèèké tí ń kún tí ó sì ń fà pẹ̀lú omi Thames pọ̀ ní àdúgbò yìí. Àwọn alápatà ìlú London wà ní òdìkejì odò, awọ màlúù kò sì jìnnà. Igbó igi óákù Kent, Surrey àti Sussex wà nítòsí, èèpo igi óákù sì ni wọ́n fi ń rẹ awọ kí ó má baà jẹrà. Ní ti òórùn, àwọn olówó tí ń gbé láàárín ìlú kò fẹ́ kí ó dé imú wọn, wọ́n sì tì í kọjá odò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí níbi gbogbo láyé. Ẹni tí ó bá ka ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì yóò rántí Símónì oníṣẹ́ awọ, tí ilé rẹ̀ wà létí òkun.

Ní 1703, Ọbabìnrin Anne fún àwọn oníṣẹ́ awọ Bermondsey ní ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ tiwọn. Ní 1806, ìdílé Bevington gba ilé iṣẹ́ Neckinger, níbi tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Matthias Koops ti gbìyànjú láti fi koríko gbígbẹ ṣe bébà, tí òwò náà sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1836, ọkọ̀ ojú irin Greenwich, tí í ṣe àkọ́kọ́ ní ìlú London, la àdúgbò náà kọjá lórí afárá rẹ̀. Nígbà náà, kò sí rọ́bà tàbí ike tí ó lè ṣe iṣẹ́ awọ. Awọ ni bàtà, awọ ni gàárì, awọ ni ìgbànú tí ń yí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́, awọ ni wọ́n fi ń di ìwé. Bí Bermondsey bá dákẹ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, apá kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò rìn láìwọ bàtà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ti rí. Bí awọ bá dé, iyọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ni yóò wà lára rẹ̀. Wọn yóò rẹ ẹ́ sínú omi kí ó lè rọ̀, lẹ́yìn náà wọn yóò kó o sínú kòtò omi ẹfun líle tí ń tú irun kúrò lára. Oníṣẹ́ yóò wá tẹ́ ẹ sórí ìtì igi kan tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò fi ikùn ti ìtì náà, yóò sì fi ọ̀bẹ eléèkù méjì fá irun ojú kan, kí ó tó yí i padà láti fá ẹran àti ọ̀rá ojú kejì. Tí ọ̀bẹ bá ṣì í, awọ bàjẹ́, owó iṣẹ́ sì dín kù. Lẹ́yìn èyí ni awọ yóò wọ kòtò èèpo igi, láti inú omi tí èèpo rẹ̀ kò pọ̀ sí inú èyí tí ó kan gan-an. Awọ màlúù tí ó nípọn lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn kòtò yìí. Òórùn èèpo igi yẹn le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1665, àwọn kan sá wá sí Bermondsey pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òórùn náà yóò dáàbò bo àwọn.

Ohun kan ṣì wà tí n kò tíì dárúkọ. Awọ fẹ́lẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìbọ̀wọ́ tàbí èèpo ìwé, kò lè rọ̀ tí wọn kò bá kọ́kọ́ pa á pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ajá tàbí ti ẹyẹlé, kí agbára ẹfun lè kúrò lára rẹ̀. Ọwọ́ lásán ni àwọn oníṣẹ́ fi ń pò ó. Wọ́n fún ìgbẹ́ ajá ní orúkọ, wọ́n ń pè é ní "pure", ìyẹn ohun tí ó mọ́, nítorí òun ni wọ́n fi ń sọ awọ di mímọ́. Henry Mayhew, akọ̀ròyìn tí ó kọ ìwé lórí àwọn tálákà London ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bá àwọn tí ń ṣa ìgbẹ́ náà ní ìgboro sọ̀rọ̀. Arúgbó obìnrin kan wà lára wọn. Láti bí pẹ́nì mẹ́jọ sí sílè kan ni wọ́n ń ta garawa kan fún àwọn ilé iṣẹ́ awọ.

Bí mo ti ń ka èyí fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé náà, mo rò pé wọn yóò fi ọwọ́ di imú. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi mí pé, "Arúgbó obìnrin náà, ta ni ó ń bá a gbé?" N kò mọ èsì tí n óò fọ̀.

A gba Abbey Street lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn, a kọjá Tower Bridge Road, a sì wọ Bermondsey Street. Abbey Street gba orúkọ rẹ̀ láti ara ilé àwọn mọ́ńkì tí ó wà níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkànlá títí di 1538, nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ tú wọn ká. Lónìí, Bermondsey Street kún fún ilé oúnjẹ, gbàgede iṣẹ́ ọnà àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé aṣọ tí Zandra Rhodes dá sílẹ̀ ní 2003, tí àwọ̀ rẹ̀ tàn yòò bí aṣọ ìnáwó. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn òpópónà kò tíì gbàgbé iṣẹ́. Tanner Street, òpópónà àwọn oníṣẹ́ awọ, wà níbẹ̀. Leathermarket Street, òpópónà ọjà awọ, wà níbẹ̀. Morocco Street náà sì wà níbẹ̀.

Morocco Street ni ó dá mi dúró. "Awọ Mòrókò" ni orúkọ tí Yúróòpù fún awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́ tí wọ́n pa láró pupa, tí ó dára fún èèpo ìwé àti àpò owó. Awọ fẹ́lẹ́ irú èyí wà lára ohun tí Bevingtons fi lórúkọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Mòrókò ni gbogbo awọ tí ń jẹ́ orúkọ yẹn ti wá. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni ràkúnmí ti ń ru awọ ewúrẹ́ àti awọ àgùntàn láti ilẹ̀ Haúsá gba aṣálẹ̀ Sàhárà dé etí òkun àríwá, àwọn oníbàárà òkè òkun sì ń fi orúkọ ibi tí wọ́n ti rà á pè é. Nígbà tí Heinrich Barth, ará Jámánì, dé Kano ní 1851, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń kó awọ pupa láti ibẹ̀ lọ títí dé Tripoli, àti pé omi inú pòròpòrò ọkà ni wọ́n fi ń pa á láró.

Nígbà tí mo ka èyí fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, wọ́n pariwo. "Pòròpòrò ọkà bàbà! Òun náà ni Bàbá ń lò. Àwa ọmọdé ni a máa ń lọ ṣà á wá. Ọwọ́ wa á pọ́n bí ẹni lé tìróò sí ọwọ́ dípò ojú, tí tìróò náà wá pupa." Awọ tí àwọn baba wa ní Ọ̀yọ́ fi ṣe làbà Ṣàngó, akọ̀ idà àti gàárì ẹṣin kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí Yúróòpù ń fi orúkọ Mòrókò pè. Lẹ́yìn tí ojú irin láti Èkó dé Kano ní 1911, ọ̀nà yí padà. Awọ tí ó ti ń gba aṣálẹ̀ lọ sókè bẹ̀rẹ̀ sí gba ilẹ̀ Yorùbá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etíkun, láti ibẹ̀ ó di òkè òkun.

Ní ìkángun Leathermarket Street, ní igun Weston Street, ni ọjà awọ wà. Wọ́n ṣí i ní 1833. Ní 1878, wọ́n kọ́ ilé pàṣípààrọ̀ ńlá kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí àwọn oníṣòwò awọ àti irun àgùntàn ti ń pàdé. Ọnà róbótó tí wọ́n gbẹ́ sí ara ògiri ilé náà ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n, nítorí wọ́n ya bí iṣẹ́ awọ ti ń lọ sí i. Mo ṣí fóònù mi kí n lè ka àlàyé fún wọn.

Wọn kò dúró de àlàyé. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n na ìka sí ọkùnrin òkúta kan tí ó tẹ̀ síwájú lórí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, "Èyí ń fá a." Wọ́n gbé àpò ọwọ́ wọn fún mi. Níbẹ̀, lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, pẹ̀lú kóòtù òtútù lọ́rùn wọn, wọ́n ya ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, wọ́n tẹ ìbàdí síwájú bí ẹni fi ikùn ti nǹkan, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n sì ti ọ̀bẹ tí kò sí níbẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. "Kì í ṣe ọwọ́ ni agbára wà," ni wọ́n wí. "Ìbàdí ni. Bàbá kì í fi ọwọ́ fá awọ. Ọwọ́ kàn ń darí rẹ̀ ni." Tọkọtaya kan tí ń fa ajá kọjá wò wá, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti kàwé gboyè nínú èdè Yorùbá. Mo mọ orúkọ oríṣiríṣi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa, mo sì ti kọ wọ́n sínú ìwé ìdánwò. Ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí bí bàbá àgbà mi ti máa ń dúró.

Kí ni ó pa iṣẹ́ náà ní Bermondsey? Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ní 1884, Augustus Schultz ní Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí a fi lè lo kíróòmù dípò èèpo igi. Iṣẹ́ tí ó ń gba oṣù bẹ̀rẹ̀ sí gba ọjọ́, àǹfààní tí Bermondsey ní lórí igbó óákù sì di asán. Ìlú London ń fẹ̀, òórùn tí wọ́n ti tì kọjá odò tún padà wá bá àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ilé. Ní 1909, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ awọ sílẹ̀ ní àdúgbò náà, ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1970 ilé ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Northampton. Bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì wó púpọ̀ nínú àwọn ilé. Rọ́bà àti ike gba ipò ìgbànú ẹ̀rọ àti ìsàlẹ̀ bàtà. Awọ láti ilẹ̀ mìíràn kò wọ́n tó ti ilé. Kí ọ̀rúndún ogún tó parí, Bevingtons ti pa ilẹ̀kùn dé. Ilé gbígbé àti ọ́fíìsì ni Neckinger Mills lónìí.

Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ bí ẹni pé oyin ni. Èmi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Àrùn anthrax máa ń gbé nínú awọ àti irun ẹran tí ó ti òkèèrè wá, ilé ìwòsàn Guy's tí kò jìnnà síbẹ̀ sì tọ́jú ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ awọ tí egbò dúdú rẹ̀ yọ sí lára. Àwọn mìíràn kò padà sílé. Kò sí ẹni tí yóò gbàdúrà kí ọmọ rẹ̀ padà sínú kòtò yẹn. Ohun tí ó dùn mí ni bí a ti pín ìrántí. Ẹni tí ó bá rìn dé Tooley Street yóò rí ère Samuel Bourne Bevington, ọ̀kan nínú ọmọ ìdílé tí ó ni Neckinger Mills, tí ó jẹ́ Méyọ̀ àkọ́kọ́ fún Bermondsey. Wọ́n gbé ère náà dúró ní 1910. Ó yẹ ẹ́, nítorí ó sin ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fá awọ kò ní orúkọ lára ògiri, bẹ́ẹ̀ ni arúgbó tí ń ṣa ìgbẹ́ ajá kò ní ère.

Bí a ti ń padà lọ sí ibùdókọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n na ọwọ́ sí ilé bíríkì kan lẹ́bàá ọ̀nà. "Mo gbá ilé yẹn fún ọdún mẹ́sàn-án," ni wọ́n wí. Aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni wọ́n máa ń kúrò nílé, wọn yóò sì ti parí kí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó dé. Wọ́n máa ń rí ìwọ̀ irin kan tí ó yọ síta lára òpó òkè ilé náà. Wọ́n rò pé ọ̀ṣọ́ ni. "Ìwọ̀ awọ ni, àbí? Òun ni wọ́n fi ń fa ẹrù gòkè. Bí Bàbá bá mọ̀ pé, lẹ́yìn gbogbo eré tí àwọn sá, ilé awọ ni ọmọ àwọn ń gbá!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú wọn.

Ní alẹ́, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni wọ́n sè, pọ̀nmọ́ sì kún inú rẹ̀. Mo rán wọn létí pé ní 2022, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ awọ ní Zaria ní ó yẹ kí wọ́n fòfin de jíjẹ pọ̀nmọ́, nítorí awọ tí a ń jẹ kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ awọ rí ohun tí wọn yóò lò. Wọ́n bu pọ̀nmọ́ kan sí abọ́ mi. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé ọmọ oníṣẹ́ awọ ni àwọn, àwọn sì ti san gbèsè ti àwọn.

Bí ẹ bá wà ní London, ìrìn yìí kò gba ju òwúrọ̀ kan lọ, kò sì ní owó ìwọlé. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Bermondsey, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé Abbey Street, kí ẹ sì parí rẹ̀ sí Weston Street, London Bridge kò jìnnà sí ibẹ̀. Ìta ni ẹ ó ti rí ọnà ara ògiri. Bí ẹ bá ní àgbà kan tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan, ẹ mú un dání.

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n pe ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n bi wọ́n léèrè bóyá ọ̀bẹ Bàbá, èyí tí ó ní èèkù méjì, ṣì wà. Ìyá mi ní ó wà nínú àpótí irin lábẹ́ ibùsùn, ó ti dípẹtà, wọ́n sì ti fẹ́ kó o dànù nígbà tí wọ́n ń kun ilé. Ohùn àwọn méjèèjì gba ẹnu ara wọn. Ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn ni, "Má kó o dànù. Ọmọ rẹ ń bọ̀ ní Kérésìmesì. Gbé e fún un."